Ìrora tí kò wọ káàdì ọsibítù: ìrírí mi nídìí ìwádìí àìsàn SS

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo kọ́, ṣùgbọ́n ìdí ìwádìí ni mo ti pẹ́ jù. Ní kílíníìkì àwọn ẹlẹ́jẹ̀ SS n'Íbàdàn, èmi ni mò ń gba orúkọ, tí mò ń fa ẹ̀jẹ̀, tí mò ń ka oògùn tó ṣẹ́kù nínú ike, tí mo sì ń bi aláìsàn ní ìbéèrè kan náà lóṣooṣù títí tó fi mọ̀ ọ́n sórí jù mí lọ. Àwọn dókítà àti ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń kọ èsì. Àwa tí a jókòó ti aláìsàn la mọ bí iye tó wà nínú èsì yẹn ṣe dé ibẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé oògùn kan ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé: kí ni wọ́n kà? Níbo ni wọ́n ti kà á? Àwọn wo ni kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kà á?

Ẹ jẹ́ ká mú bí àìsàn ṣe le tó. Nínú ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù tó ti kọjá lọ́wọ́ mi, ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n ni iye ìgbà tí kíráísìsì, ìyẹn ìrora líle tó máa ń ru lójijì, gbé aláìsàn dé ọsibítù láàárín ọdún kan. Ẹni tí wọ́n dá dúró sí wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tirẹ̀ le. Ẹni tí kò wá rárá, tirẹ̀ fúyẹ́. Ó rọrùn láti kà, ó sì wà nínú káàdì fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe kíkà lásán náà: ìwádìí ńlá kan tí èsì rẹ̀ jáde l'Amẹ́ríkà ní 1991 fi hàn pé láàárín àwọn tó ti lé ní ogún ọdún, àwọn tí kíráísìsì wọn pọ̀ ni ikú ń tètè mú lọ.

Ṣùgbọ́n obìnrin aránṣọ kan wà lọ́dọ̀ wa tí káàdì rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọdún kan gbáko, kò sùn sí ọsibítù. Nínú fọ́ọ̀mù, tirẹ̀ fúyẹ́. Ọjọ́ kan tí mo ní kó ká ìró rẹ̀ sókè kí n lè wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá egbò wà níbẹ̀, mo rí itan rẹ̀ méjèèjì. Ara ibẹ̀ ti dúdú ní ìlà-ìlà, àwọn ìlà náà ń kọjá lórí ara wọn. Ike omi gbígbóná ló ṣe é. Ó ti gbé e lé ibẹ̀ lálẹ́ títí ooru fi kọ ara rẹ̀.

"Antí Nọ́ọ̀sì," ó ní, "kí ni mo fẹ́ wá ṣe ní ọsibítù? Tí mo bá dé, wọ́n á ní kí n lọ ra káàdì, kí n lọ ra dírípù, kí n lọ ra abẹ́rẹ́, ẹni tí máa rán ò sì sí. Kẹ́místì wà níwájú ilé wa. Máṣíìnì mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tó bá ti rọlẹ̀ díẹ̀, mo máa dìde rán ọ̀kan."

Nígbà tó yá ni mo ka ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Virginia, l'Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2008. Àgbàlagbà 232 ni wọ́n fún ní ìwé kí wọ́n máa kọ bí ara wọn ṣe rí sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú gbogbo ọjọ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀, ìrora wà ní ohun tó lé ní ìdajì. Ọjọ́ tí wọ́n gba ọsibítù lọ lójijì kò pé mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo ìyókù, inú ilé ni wọ́n ti jẹ ẹ́ mọ́ra. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá ń fi wọ́ọ̀dù díwọ̀n àìsàn yìí, etí rẹ̀ là ń rí. Lọ́dọ̀ wa, owó ọkọ̀ àti owó ọsibítù tún wà lórí rẹ̀: ọmọ olówó á wọ wọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹrin, ọmọ aláìní á jókòó sílé, nínú àtẹ wa, àìsàn ọmọ olówó ló máa jọ pé ó le jù.

Ikọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í pín ìwé kékeré fún àwọn ìyá. Àwọn kan kọ ọ́ dáadáa, àwọn kan fi ṣe ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ. Màmá kan tí kò kàwé kò gbà á rárá, ó ní òun ní ti òun. Nígbà tó padà wá, ó tú kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti ká sínú báàgì. Ó fi báírò pupa fa ìlà sórí ọjọ́ tí ọmọ sunkún ìrora, ó yí òdo po ọjọ́ tí kò lè lọ sílé ìwé, ó sì fi àgbélébùú sí ọjọ́ tí oògùn tán nílé. Ọ̀gá wa kan kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tó fi dákẹ́ tó ń fi ìka tẹ̀lé àwọn àmì náà, nítorí pé lẹ́yìn àgbélébùú kọ̀ọ̀kan, báírò pupa máa ń pọ̀ sí i. Fọ́tò rẹ̀ ló yà kó tó dá kàlẹ́ńdà padà.

Bí a ṣe ń bèèrè gan-an tún ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Fọ́ọ̀mù ní kí n bèèrè pé láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora yín? Yorùbá wo lẹ fẹ́ bi léèrè ara rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ dúpẹ́? "A dúpẹ́, ara ò burú, ó ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀." Bàbá kan tí kò lè na orúnkún rẹ̀ sọ fún mi pé méjì ni, nítorí ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, kò fẹ́ kí àyà rẹ̀ já. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní mẹ́wàá, ó sì ń tẹ fóònù rẹ̀ lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń ní irọ́ nirú ẹni bẹ́ẹ̀ ń pa, pé abẹ́rẹ́ ló ń wá. Mo ti bá wọn fa ọ̀rọ̀ yìí títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹni tí ìrora ti bá gbé láti kékeré, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ fóònù nínú rẹ̀. Ẹ fẹ́ kó máa yí nílẹ̀ kí ẹ tó gbà?

Ohun tí mo wá ń bèèrè ni àná. Ṣé ẹ wẹ̀ fúnra yín lánàá? Ta ló pọnmi? Ṣé ẹ gun àtẹ̀gùn? Aago mélòó lẹ sùn, kí ló jí yín? Nígbà tí bàbá yẹn ń dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí, ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a parí ọ̀rọ̀, kò sì sí "a dúpẹ́" kankan níbẹ̀ mọ́.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ àgbo, nítorí ìdílé SS tí kò tíì gbé e wò ṣọ̀wọ́n. Àwọn dókítà kan máa ń jágbe mọ́ aláìsàn lórí rẹ̀, èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti rí i pé omi gbòǹgbò orín àtà lè dá sẹ́ẹ̀lì pupa ẹlẹ́jẹ̀ SS tó ti tẹ̀ padà sí bó ṣe yẹ kó rí nínú ife àyẹ̀wò. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí oògùn ìjọba l'Ábújá, NIPRD, sì gba àgbo ìdílé Yorùbá kan, iyèré, kànáfùrù, igi osùn àti ewé ọkà bàbà, wọ́n sọ ọ́ di oògùn tí wọ́n pè ní Niprisan. Ohun tó wú mi lórí níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe dán an wò. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2001, aláìsàn 82 ni wọ́n lò. Apá kan gba Niprisan, apá kejì gba èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ wọn. Aláìsàn kò mọ èwo lòun ń lò, ẹni tó ń fún wọn náà kò mọ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe wàhálà tó bẹ́ẹ̀? Ẹ rò ó wò: ìgbà wo lèèyàn ń lọ sọ́dọ̀ alágbo? Ìgbà tí kíráísìsì bá ti wọlé tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan, tí gbogbo ilé ò sùn. Àìsàn yìí a máa ru, a sì máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọyẹ́ á dé, ó máa ru; ibà á dé, ó máa ru; nígbà tó bá yá, á fi aláìsàn lọ́rùn sílẹ̀. Ẹni tó bá mu omi lásán lọ́jọ́ tó ru jù, ara rẹ̀ lè yá lóṣù tó tẹ̀lé e, omi yẹn ni yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alágbo kò purọ́ o. Ohun tó fi ojú ara rẹ̀ rí ló ń sọ. Àwa oníṣègùn òyìnbó náà sì ń bọ́ sínú ihò kan náà: ọjọ́ tí ara aláìsàn bá burú jù ló máa ń gbà láti wọ ìwádìí, bí ó bá sì sàn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, a ó máa yọ̀. Bí kò bá sí àwọn mìíràn tí a lè fi wéra, a ò mọ èyí tí oògùn ṣe àti èyí tí ọjọ́ ṣe.

Irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ ló sọ hydroxyurea di oògùn tí gbogbo ayé ń lò. Ní 1995 ni èsì rẹ̀ jáde l'Amẹ́ríkà, lára àgbàlagbà 299. Àwọn tó gba ayédèrú, ìyẹn èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, ń ní kíráísìsì bíi 4.5 lọ́dún, àwọn tó gba oògùn ń ní 2.5. Mo fẹ́ràn kí n máa sọ ọ́ báyìí fún àwọn ìyá, torí pé wọ́n máa ń rò pé mo ní yóò tán. Kò ní tán. Yóò dín kù. Ìyá kan wò mí lójú, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mejì tó yọ yẹn, Antí, ẹ mọ iye òru tó wà nínú ẹ̀?"

Ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n jù ni ìwé inú páálí, torí oògùn jẹjẹrẹ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ̀rù mìíràn tún wà, tàwọn dókítà lèyí: oògùn yìí ń dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù, ilẹ̀ ibà sì nilẹ̀ wa. Ìwádìí kan ní Kampala, tó jáde ní 2017, fi oògùn wé ayédèrú lára àwọn ọmọ kéékèèké, ibà kò pọ̀ sí i lára àwọn tó gba oògùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwádìí tí wọ́n pè ní REACH, tí wọ́n ṣe ní Àǹgólà, Kóńgò Kinshasa, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà. Ọmọ 606 ló lo oògùn níbẹ̀. Èsì rẹ̀, tó jáde ní òpin 2018, ní ìrora dín kù ju ìdajì lọ, ibà pàápàá dín kù, ikú náà dín kù. Wọn ò lo ayédèrú ní tiwọn, ìgbà tí àwọn ọmọ kò tíì bẹ̀rẹ̀ oògùn ni wọ́n fi wé ìgbà tí wọ́n ń lò ó. Ẹ ti mọ ìdí tí mo fi ń dárúkọ ìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí ìrora, ibà, gbígba ẹ̀jẹ̀ àti ikú bá jọ wálẹ̀ pọ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́rin, èmi gbà.

Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ọmọ ń lo oògùn? Kíka ike kò tó. Màmá tó bá gbàgbé á da ìyókù nù kó tó wá, kí n má baà bá a wí. Ẹ̀jẹ̀ ló ń tú àṣírí, torí sẹ́ẹ̀lì pupa ẹni tó ń lò ó máa ń tóbi sí i. Èmi máa ń wo èékánná kí èsì láàbù tó dé. Oògùn yìí máa ń fa ìlà dúdú sí èékánná ẹlòmíràn, láti ìdí rẹ̀ títí dé orí. Àwọn ọmọbìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ kì í fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á fi kútẹ́ẹ̀sì bò ó.

Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí bí àyẹ̀wò orí tí wọ́n ń pè ní TCD. Ọmọ SS lè ní rọpárọsẹ̀ kó tó pé ọdún mẹ́wàá, ẹ̀rọ yìí ló ń fi ẹni tí ewu súnmọ́ hàn. A ó fi gẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀bátí ọmọ, a ó gbé orí ẹ̀rọ lé e, a ó sì gbọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré nínú ọpọlọ rẹ̀: fúù, fúù, fúù. Níbi tí òpó ẹ̀jẹ̀ bá ti fún, eré á pọ̀ sí i, bí ìgbà tí ọmọdé fi àtàǹpàkò dí ẹnu ẹ̀rọ omi. Bó bá pé 200 sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ewu ti dé. Ọmọ kò gbọ́dọ̀ sùn, kò gbọ́dọ̀ sunkún, ara rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ gbóná lọ́jọ́ náà, torí gbogbo rẹ̀ ló lè yí eré yẹn padà. Ẹ wá wo èmi àgbàlagbà tí mò ń pa àlọ́ ìjàpá létí ọmọ ọlọ́dún márùn-ún kó má baà sùn, tí mò sì ń bẹ̀ ẹ́ kó má rẹ́rìn-ín jù.

L'Amẹ́ríkà, láti 1998 ni wọ́n ti mọ̀ pé gbígba ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù ń lé rọpárọsẹ̀ yìí sẹ́yìn gan-an. Níbo la ti fẹ́ rí ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù? Ìdí nìyẹn tí ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Kano àti Kàdúná fi ṣe pàtàkì sí mi. Ọmọ 220 tí ẹ̀rọ ti sọ pé ewu wà lórí wọn ni wọ́n pín sí méjì, apá kan gba hydroxyurea ní ìwọ̀n kékeré, 10 mílígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan, apá kejì gba 20. Èsì jáde ní 2022: rọpárọsẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní apá méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ìwọ̀n kékeré, owó kékeré. Ìbéèrè wa ni wọ́n bèèrè, ilẹ̀ wa ni wọ́n sì ti dáhùn rẹ̀.

Mo ti sọ ti PCV bí, ìyẹn ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀? Kò sí ìyá SS tí kò mọ PCV ọmọ rẹ̀ lórí. Bó bá kúrò ní 20 tó wọ 25, ìdùnnú ńlá ni. Inú tiwa náà máa ń dùn, torí ó rọrùn láti wọ̀n. Voxelotor ló kọ́ mi pé kí n má tètè máa jó. Oògùn yìí ń gbé ẹ̀jẹ̀ sókè lóòótọ́, ìdí tí Amẹ́ríkà fi fọwọ́ sí i nìyẹn ní 2019, wọn ò tíì rí i pé ó dín ìrora kù. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Pfizer, ilé-iṣẹ́ tó ni ín, kó o kúrò lọ́jà gbogbo ayé. Nínú ìwádìí kan lára ọmọ 236, tí Nàìjíríà wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é, mẹ́jọ ló kú nínú àwọn tó gba oògùn, méjì nínú àwọn tó gba ayédèrú. Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń sọ pé ara ń le.

Nínú àtẹ èsì, ìlà kan wà tí àwọn òǹkàwé kì í dúró lórí rẹ̀: àwọn tí a kò rí mọ́. Iṣẹ́ mi ni láti wá wọn. Àwọn kan ti kó lọ sí Èkó. Òmíràn, ara rẹ̀ ti le, kò fẹ́ kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ mọ̀ pé SS lòun. Bàbá kan gbé fóònù, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wá mọ́," ó sì pa á. Ìgbà tí a dé àdúgbò náà ní Bẹẹrẹ ni aládùúgbò sọ pé ọmọ náà ti lọ. Ọmọ tó bá kú ní kékeré, wọ́n á sin ín lọ́jọ́ kan náà, òbí kì í dé ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í gbé ìwé ikú lọ sí ọsibítù. Bí a kò bá lọ, "a ò rí i mọ́" ni ì bá jẹ́ títí láé, oògùn tó lò yóò sì dà bí èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan tilẹ̀ wà tí kò dé kílíníìkì rárá. Àwọn onímọ̀ kan fojú bù ú ní 2011 pé láti ìdajì títí dé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọmọ SS ní Áfíríkà ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, ọ̀pọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Abíkú ni wọ́n pe àwọn mìíràn nínú wọn níbí. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wo àwọn ẹni ogójì ọdún tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì wa, tó ní SS ilẹ̀ Yorùbá kò le púpọ̀, àwọn tí tiwọn le kò sí lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Jàmáíkà ló ṣe é bó ṣe yẹ: láti 1973 ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ìkókó wò ní Kingston, wọ́n yẹ 100,000 wò, wọ́n sì ń tẹ̀lé àwọn tó ní i láti ọjọ́ ìbí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó ń bí mi nínú. Ìwádìí máa ń parí. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, màmá á jókòó, máa ka kápúsù tó ṣẹ́kù, máa kọ ọ́ sílẹ̀, òun á wá bèèrè pé, "Antí, lóṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?" Fún ọdún méjì, ọ̀fẹ́ ni oògùn. Ilé-iṣẹ́ kan ní Awẹ́, nítòsí Ọ̀yọ́, ti ń ṣe é báyìí, owó rẹ̀ sì wálẹ̀ ju ti ìlú òyìnbó lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ọmọ SS méjì tó ń ta ẹ̀lùbọ́ kò ní í rà á lóṣooṣù. Ara ọmọ tí a kọ sínú èsì pé ó ti le, ìgbà tí oògùn wà la wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá pè mí sí ìwádìí tuntun lónìí, máa ṣí ìwé ètò rẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n kọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ìkẹyìn. Bí kò bá sí níbẹ̀, máa bèèrè rẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ìwádìí méjì ni mo ti tìtorí ẹ̀ kọ̀.